Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Tẹ̀ Sínú Òṣùwọ̀n

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ kà á tán ná. Tí ẹ bá kà á tán tí àánú mi ṣì ń ṣe yín, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà ní tiyín tí ẹ ń fi pamọ́.

Obìnrin ni mí, mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbi iṣẹ́ wa, ó rí róbótó bíi táyà, àfi pé ó tóbi ju yàrá méjì lọ. Inú rẹ̀ la ti ń mú gáàsì gbóná títí kò fi ní jẹ́ gáàsì mọ́. Pilásímà ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó gbóná débi pé kò sí irin tó lè gbà á mọ́ra, nítorí náà òòfà ló ń fún un mọ́ àárín, kí ó má baà fara kan ògiri ẹ̀rọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ yẹn, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ bóyá pilásímà máa jókòó jẹ́ẹ́ láàárín. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní Òṣùwọ̀n ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́. Fèrèsé dúdú kan báyìí ni, ẹ ó tẹ àṣẹ sínú rẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, ẹ ó sì dúró. Á fojú bu bí pilásímà ṣe máa rí, á ṣírò ibi tí òun àti òòfà ò ti tíì dọ́gba, á tún un ṣe, á tún tún un ṣe, títí ìyàtọ̀ tó kù á fi kéré ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ìgbà yẹn ló máa kọ ọ́ pé: Ó DỌ́GBA. Bí kò bá ṣeé ṣe, á kọ ọ́ pé: KÒ DỌ́GBA, kò sì ní fún yín ní fáìlì kankan.

Òṣùwọ̀n kì í ṣojúsàájú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, àfìgbà tó kàn mí.

Ẹni tó wé òòfà ńlá tó yí ẹ̀rọ náà ká la ń pè ní Bàbá Olóòfà. Ọdún mẹ́rin ló fi wé e, wáyà bàbà lórí wáyà bàbà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè. Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo dé tí mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni yàrá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló máa ń yọjú láàárọ̀.

"Onínọ́ńbà, ṣé o ti jẹun?"

"Ó tì o, sà. Iṣẹ́ ti pọ̀."

"Nọ́ńbà ò ṣeé jẹ o. Lọ wá nǹkan fi sẹ́nu."

Èmi ní tèmi, ọdún kan ọdún kan ni wọ́n ń gbà mí síṣẹ́. Ọdún kẹta nìyẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi parí. Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ o: mo ti sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé wọ́n ti gbà mí pátápátá. Ara rẹ̀ ò yá lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn ni. Kó tó di ọjọ́ kejì, kò sí mọ̀lẹ́bí wa tí kò tíì gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí ọ̀gá wa fi ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Ajé kan. Màdáàmù ni gbogbo wa ń pè é.

"Àlejò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀," ó ní. "Àwọn tó ń bójú tó wa láti òkè. Mo fẹ́ fi gígùn hàn wọ́n."

Gígùn ni orúkọ tí a fún ìrísí tuntun kan, tí pilásímà á ga sókè bí ẹyin tí wọ́n gbé nàró, dípò róbótó tí a ti ń ṣe bọ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti róbótó lọ. Òun náà ló sì ṣòroó mú dúró jù.

"Màdáàmù, mi ò tíì dán an wò rárá."

"Dán an wò báyìí. Kí n rí fáìlì ẹ̀ lọ́la, kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ìwé ẹ wà lórí tábìlì mi o. Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wò ó."

Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo jókòó ti Òṣùwọ̀n. Mo tẹ àṣẹ: òṣùwọ̀n gígùn. Mo dúró. KÒ DỌ́GBA.

Mo yí èyí padà, mo dín tọ̀hún kù. KÒ DỌ́GBA. Tí mo bá fẹ́ tún àṣẹ kan náà pa, mi kì í tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà tó ní ọfà tó kọjú sókè, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fèrèsé dúdú yẹn á gbé àṣẹ tí ẹ pa kẹ́yìn padà wá. Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Ìka wa ti mọ́ ọn débi pé a kì í wojú rẹ̀ mọ́. Ọfà òkè, KÒ DỌ́GBA. Ọfà òkè, KÒ DỌ́GBA. Ìyàtọ̀ tó kù á wálẹ̀ wálẹ̀ títí dé ìdá kan nínú ogún, á wá máa yí lójú kan bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni mo dán an wò. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun lù. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni.

"Ọmọ mi, àbúrò bàbá ẹ wà níbí o. Ó ní irọ́ ni, pé wọn ò lè gba obìnrin síbi irú iṣẹ́ yẹn títí láé. Mo ní kó fara balẹ̀. Tí o bá ń bọ̀ wálé, mú ìwé yẹn dání, kí n fi hàn án kí ẹnu ẹ̀ lè pa."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Ọlọ́run á máa bá ẹ ṣe é o."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo tẹ ìrànlọ́wọ́ sínú Òṣùwọ̀n, ó sì to gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo rí mẹ́ta tí n kò lò rí. Ìfaradà: ẹ fi sọ bí ìyàtọ̀ ṣe lè pọ̀ tó tí yóò fi gbà á. Panumọ́: kó má ṣe kìlọ̀. Fipákọ: kó kọ fáìlì, bó ti wù kó rí. Àwọn tó ń tún ètò náà ṣe ni wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ fún. Ìkìlọ̀ wà níwájú wọn kedere: ẹ má ṣe fi fáìlì yìí tan ẹ̀rọ.

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo sọ fún ara mi pé ìdá kan nínú ogún kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mo ní òòfà Bàbá lágbára, á gbé e. Mo ní tí kò bá tiẹ̀ dúró, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n fẹ́ fi tan ẹ̀rọ. Ṣé ẹ rí irú irọ́ tí èèyàn lè pa fún ara rẹ̀ tí ara rẹ̀ á sì gbà á gbọ́?

Mo tẹ̀ ẹ́: òṣùwọ̀n gígùn, ìfaradà ìdá kan nínú mẹ́wàá, panumọ́, fipákọ.

Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ó DỌ́GBA.

Òṣùwọ̀n máa ń kọ àṣẹ tí ẹ pa sórí fáìlì, kí ẹni tó bá ṣí i lè mọ bí ẹ ṣe ṣe é. Mo ṣí fáìlì náà, mo pa àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn rẹ́, mo fi òṣùwọ̀n gígùn sílẹ̀. Nítorí náà mi ò lè sọ fún yín pé mo ṣèèṣì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì nu ojú rẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe ń fi fáìlì ránṣẹ́ ni Bàbá Olóòfà yọjú.

"Onínọ́ńbà, gígùn ńkọ́? Ṣé ó gbà?"

"Ó gbà, sà."

"Ṣé o rí i! Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi á ṣe é!" Ó ń pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń padà lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àlejò dúró lẹ́yìn dígí tó nípọn. Màdáàmù ń ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kà láti mẹ́wàá wálẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú kan, ó ga sókè, ó rẹwà. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti yẹ̀ sápá kan.

Ẹ wá gbọ́ ariwo! Bí ìgbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ta géètì onírin. Aago ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ògiri inú ẹ̀rọ sán, páìpù omi bẹ́, omi ń ya jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ lójú àlejò.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Màdáàmù pè wá jọ. Fáìlì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fáìlì ní ó dọ́gba," ó ní. "Tí nọ́ńbà bá dọ́gba tí pilásímà sì lọ gbá ògiri, a jẹ́ pé òòfà ni kò tọ́."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Olóòfà. Mo rò pé ó máa jà. Mo gbàdúrà pé kó jà.

"Ó lè jẹ́ èmi," ó ní. "Àgbà ti ń dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó máa ń yí ẹ̀rọ náà po láti àárọ̀, pẹ̀lú irin ìwọ̀n àti tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá àṣìṣe tí kò ṣe. Kò rí nǹkan kan. Bí kò ṣe rí i yẹn gan-an ló ń pa á. Ó rù. Kò bi mí mọ́ bóyá mo ti jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn náà ni Màdáàmù buwọ́ lu ìwé mi. Wọ́n gbà mí pátápátá. Irọ́ tí mo pa fún ìyá mi ti wá di òótọ́, mo sì lọ sunkún nílé ìyàgbẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọléèwé ń lò.

"Onínọ́ńbà, kọ́ mi ní Òṣùwọ̀n. Mo fẹ́ fi àṣìṣe sínú òòfà mi lórí kọ̀ǹpútà, kí n wo irú èyí tó máa ta pilásímà sí apá ibẹ̀ yẹn. Bóyá màá fi mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Ó ní kí n tẹ ìrànlọ́wọ́, ó da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, àti ìtumọ̀ wọn, láìfo ẹyọ kan. Nígbà tó dé orí panumọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí ńkọ́? Ta ló máa ní kí irú ẹ̀ panu mọ́, nígbà tó jẹ́ pé torí kó lè sọ̀rọ̀ la ṣe ní in?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbìmọ̀ tí Màdáàmù gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, pé kí wọ́n gé òòfà náà kí wọ́n wo inú rẹ̀. Bàbá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí òun ló ṣe é. Kó tó lọ fọwọ́ sí i, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, mi ò ní bínú. Tí iyèméjì kankan bá wà lọ́kàn ẹ nípa fáìlì yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, sọ ọ́ fún mi báyìí. Tí ayùn bá ti kan wáyà yẹn, kò sí bí a ṣe máa so ó padà. Mi ò sì ní ọdún mẹ́rin míì níwájú tí màá fi wé òmíràn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Òótọ́ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo rántí ìwé mi, mo rántí ìyá mi àti àbúrò bàbá mi, mo rántí pé mo pa àwọn ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fáìlì, pé wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi pa á rẹ́.

"Nọ́ńbà mi dá mi lójú, sà," mo ní.

Ó mi orí. "Ó dáa. Mo kàn ní kí n bi ẹ́ ni."

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n gé e. Mo gbọ́ ayùn láti yàrá mi, wákàtí méjì gbáko, mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Bàbá dúró tì wọ́n títí wọ́n fi parí. Inú òòfà náà mọ́ tónítóní. Ìpele lórí ìpele, gbogbo ẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Kò sí àléébù kan.

Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti dá a láre? Ọkàn rẹ̀ ló wá rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Ó ní bí àṣìṣe bá wà tí òun ò sì lè rí i, a jẹ́ pé òun ò mọ iṣẹ́ náà mọ́. Ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ lọ sílé kí oṣù tó parí. Màdáàmù ní òun á gbà á, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fi Òṣùwọ̀n tún gígùn ṣírò lójú gbogbo ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kó lè wọ inú àkọsílẹ̀.

Mo múra sílẹ̀ o. Òṣùwọ̀n ní fáìlì kan tó fara sin, níbi tó ti ń ka ìlànà tirẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo kọ́kọ́ pa àṣẹ náà tòun ti ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n rí i pé á ṣì kọ Ó DỌ́GBA. Ó kọ ọ́. Ni mo bá kó ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fi pa mọ́ sínú fáìlì yẹn, kí Òṣùwọ̀n lè lò wọ́n láìjẹ́ pé mo tẹ̀ wọ́n. Tó bá dójú ìgbìmọ̀, òṣùwọ̀n gígùn nìkan ni màá tẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà ní yàrá ìpàdé. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé e sára ògiri, fèrèsé dúdú náà tóbi bí ilẹ̀kùn méjì. Iwájú ni Bàbá Olóòfà jókòó sí, ó ti wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀ sórí itan.

"Ó yá," Màdáàmù ní. "Pa àṣẹ náà."

Mo na ọwọ́. Ìka mi ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, ibi tó ti máa ń lọ náà ló lọ. Ọfà òkè.

Gbogbo àṣẹ tí mo pa láàárọ̀ yẹn jáde sára ògiri, funfun báláú nínú dúdú.

Mo fẹ́ pa á rẹ́, ọwọ́ mi kọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ yé. Èèyàn kan ṣoṣo nínú yàrá yẹn ló ti da ìtumọ̀ wọn kọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kà á díẹ̀díẹ̀.

"Òṣùwọ̀n. Gígùn. Ìfaradà, ìdá kan nínú mẹ́wàá." Ó dúró. "Panumọ́. Fipákọ."

"Kí ni gbogbo ìyẹn ń ṣe níbẹ̀?" Màdáàmù bi mí.

Bàbá ló dáhùn fún mi. Ó ṣí ìwé rẹ̀ dé ojú ewé kan, ó kà á síta bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn: "Kó má ṣe kìlọ̀. Kó kọ fáìlì, bó ti wù kó rí."

Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi.

"Ṣé bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dọ́gba àbí kò dọ́gba?"

"Kò dọ́gba, sà."

"O mọ̀ kí n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé e."

"Mo mọ̀, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò, ó sì dìde jáde. Ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí àga. Ǹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Mo pe ìyá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ló máa sọ.

"Bàbá yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ṣé o ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó rẹ̀ ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ń sùn," ó ní, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ìró rédíò rẹ̀ nínú yàrá. Ìgbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló jáde. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú eruku, mo na ìwé tó gbàgbé sí i. Kò gbà á.

"Nígbà tí o rí i pé gígùn ò gbà," ó ní, "kí ló dé tí o ò kan ògiri pè mí? Yàrá kejì ni mo wà."

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Ẹ̀rù mi ló ń bà ẹ́?"

"Rárá o, sà. Ẹ̀yin kọ́."

Ó wo orí mi títí.

"Mo ti ro ó látìgbà yẹn," ó ní. "Ṣé o mọ òòfà kékeré méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀rọ? Tí a bá sún wọn síta níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, gígùn á dọ́gba. Síkúrúù ni mo fi dè wọ́n, wọ́n ṣeé gbé."

Mo ṣì na ìwé náà sí i.

"Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, Onínọ́ńbà. Ǹ bá ti bá ẹ ṣe é."

Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.